Ìdí Tí Egbin Fi Ń Bojú Wẹ̀yìn

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko inú ọ̀dàn àti ọmọ aráyé ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, egbin kì í bojú wẹ̀yìn. Bó bá ti fò sókè báyìí, ó di iwájú nìyẹn. Eruku nìkan lẹ ó rí.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á o. Ìgbéraga ni. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ pé bí ọmọge bá dára títí, wọ́n á ní ó dára bí egbin. Egbin ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu gbogbo èrò ọ̀nà, ó sì gbà á gbọ́ ju àwọn tó ń sọ ọ́ lọ. Ó máa ń wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi kọ́ ni mo ń wo èèyàn. Èèyàn ló ń wò mí. Kí ni mo wá ń wá lẹ́yìn?"

Ọ̀dàn tí mò ń sọ yìí fẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Etí Odò Ọya ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi kan oko àwọn ará Ìdí-Emi. Nígbà òjò, koríko ibẹ̀ a máa ga ju àgbàlagbà lọ. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ, á pọ́n, á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Igi emi àti igi igbá dá dúró káàkiri ibẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí àwọn orogún tó ń bínú síra wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ la ọ̀dàn yìí kọjá á sùn lọ́nà títí á fi sú u, ó sì gbọ́dọ̀ mọ oríta. Oríta pọ̀ níbẹ̀ jù. Ọ̀nà kan á jẹ́ ti èèyàn, èkejì á jẹ́ ti ẹranko, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn èrò fi ní àṣà kan. Ẹni tó bá ṣáájú, tó bá dé oríta, á ṣẹ́ ẹ̀ka tútù, á tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà tí kò yẹ kí wọ́n gbà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ewé náà, á mọ̀ pé wọ́n ti dí ibẹ̀, á sì gba ibi tí kò sí ewé. Ewé lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn so mọ́ ọn.

Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ Ìdí-Emi ni, ṣùgbọ́n òun àti Àdìgún ọkọ rẹ̀ ti lọ dáko sétí Odò Ọya. Ibẹ̀ ló ti bí Àríkẹ́, àkọ́bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó wà nílé kò tíì fojú kan ọmọ náà rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹnì kan tó ń ta iyọ̀ kiri ti Ìdí-Emi dé, ó sì jíṣẹ́ fún Àwẹ̀ró.

"Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí òun bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun máa ń rí igi emi tó wà lódìkejì. Nígbà tó yá, òun kò rí igi emi mọ́, àfi òpó ìta. Ní báyìí, ọwọ́ ara òun nìkan lòun ń rí, ìyẹn náà bí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ kí òun rí ojú ọmọ yín, kí ẹ tètè máa bọ̀."

Àwẹ̀ró gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun á lọ. Bí iṣu bá ta, wọ́n á ní kí àwọn wa iṣu ná. Bí ọkà bàbà bá gbó, wọ́n á ní kí àwọn kó ọkà ná. Ọ̀la, ọ̀la, ọ̀la náà kò sì dé. Ó dùn ún wọra.

"Bàbá Àríkẹ́," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ ká lọ kí ojú ìyá mi tó ṣú."

"Ẹrù mélòó la fẹ́ dì?" ni Àdìgún wí. "Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tán, a ti mú ọ̀nà pọ̀n."

Àdìgún, èèyàn dáadáa ni. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Sísáré ló máa ń sáré. Ó ru èlùbọ́, ó gbé ọrun àti apó ọfà kọ́ èjìká, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò lè bá a. Lójoojúmọ́, á ṣáájú lọ síbi tí wọ́n máa sùn, kó lè pọnmi, kó dáná, kó sì gé koríko tí wọ́n máa sùn lé. Kò sí oríta tó dé tí kò tẹ́ ewé sílẹ̀ fún Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀, bó ti ń pọnmọ lọ ló ń wòran. Ó ti pinnu nǹkan kan lọ́kàn ara rẹ̀: bí ìyá òun kò bá ní fojú rí ọ̀dàn mọ́, òun á fi ojú tòun gbé e délé fún un. Nítorí náà, bó bá rí ọ̀wọ́ ẹyẹ awó tó ń kọjá lójú ọ̀nà, á dúró títí èyí tó kẹ́yìn á fi wọ inú koríko.

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá ọmọ," gbogbo awó á wí pa pọ̀, nítorí awó kò mọ bí ẹnì kan ṣe ń dá sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìjẹ̀ o," Àwẹ̀ró á dáhùn. "Àríkẹ́, wò wọ́n. Wo ara wọn bó ṣe rí tótòtó. A ó ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà."

Ó rí ìrá tó ń fi ìwo ha ara òkìtì ọ̀gán. Ó rí ògòǹgò tó ń sáré láìsí ẹni tó ń lé e. Ó rí àwọn ọ̀bọ tó ń jà lórí èso emi kan ṣoṣo, tí ẹyẹ kan sì gbé e lọ níbi tí wọ́n ti ń jà. Ó rẹ́rìn-ín débi tí ọmọ jí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Ìmàdò pàdé. Ìmàdò ti fi orúnkún iwájú rẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀, ó ń fi eyín wa gbòǹgbò nínú ilẹ̀.

"Ta lẹ kúnlẹ̀ kí bẹ́ẹ̀, bàbá?" Àwẹ̀ró bi í.

"Ikùn mi ni," Ìmàdò wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Àwẹ̀ró tún fi ìyẹn pa mọ́ fún ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Àdìgún ti ṣáájú, ó sì dé oríta kan tó wà nídìí igi igbá ńlá. Ọ̀nà kan níbẹ̀ fẹ̀, ó mọ́, ó tẹ́jú. Èkejì tín-ín-rín, ẹ̀gún bò ó. Ẹ máa rò pé èyí tó fẹ̀ ni tèèyàn, àbí? Rárá o. Àwọn ẹfọ̀n ló fi pátákò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ̀, àbàtà tí wọ́n ti ń mumi ló sì já sí. Àdìgún mọ̀. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka ńlá kan tó kún fún ewé tútù, ó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà ẹfọ̀n, ó sì gba ọ̀nà tín-ín-rín lọ ní tirẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni Egbin dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ ti mọ ibi tí kò wò.

"Wọ́n tún ti tẹ́ ewé fún mi," ni Egbin wí. "Ọmọ aráyé mọ iyì mi."

Ewé tútù láàárín ọyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa rí i tí kò ní jẹ ẹ́? Egbin jẹ ewé náà tán, ó jẹ ẹ̀ka tín-ín-tìn-ìn-tín pàápàá, ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí ẹ̀ka tó kù sínú koríko, ó fi ahọ́n nu ẹnu, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Àwẹ̀ró dé oríta náà, ó wo ọ̀nà méjèèjì, kò rí ewé kankan. Ó dúró, ó ro ó. Bàbá Àríkẹ́ kì í gbàgbé. Bí kò bá tẹ́ ewé, á jẹ́ pé ọ̀nà méjèèjì ló dára, pé wọ́n á padà pàdé níwájú. Ó wo ẹ̀gún tó wà lójú ọ̀nà tín-ín-rín, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tó fẹ̀. Èmi náà ìbá gbà á.

Ó rìn, ó rìn. Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé òun kò rí ipasẹ̀ èèyàn nílẹ̀ mọ́. Pátákò ló kún ibẹ̀, àti ìgbẹ́ ẹfọ̀n. Omi inú akèrègbè rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán. Oòrùn ti yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, Àríkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwẹ̀ró yíjú padà, ó wá igi igbá tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n gbogbo igi ọ̀dàn ló jọra.

Ẹ̀rù bà á wàyí. Kì í ṣe nítorí ẹranko. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń rò. Ó ń wò ó lọ́kàn rẹ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí òun ń ṣáko yìí, ìmọ́lẹ̀ ń jò kúrò lójú ìyá òun díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń jò nínú agbè tó sán, kò sì sí ẹni tó lè dí i.

Ó rìn díẹ̀ sí i, ó sì tún rí ẹnì kan tó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìmàdò ni.

"Ìyá ọmọ," Ìmàdò wí, ó sì gbójú sókè lọ́tẹ̀ yìí, "ṣé àwọn ẹfọ̀n lo fẹ́ lọ kí ni? Ọ̀nà wọn lo wà yìí. Bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ibi omi nírọ̀lẹ́, wọn kì í yà fún ẹnikẹ́ni o."

"Kò sí ewé ní oríta, bàbá."

"Ewé wà. Ojú mi báyìí ni ọkùnrin kan ṣe tẹ́ ẹ. N kò mọ̀ pé ó kù ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ǹ bá dúró. Mo sì rí ẹni tó jẹ ẹ́." Ìmàdò na imú sí òkè ọ̀nà. "Wò ó. Òun ló ń yan bọ̀ yìí."

Lóòótọ́, Egbin ló ń bọ̀. Ara rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, ó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyàwó tuntun.

"Ẹ kú ìdúró," ni Egbin wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí mi."

"Egbin, ta ló jẹ ewé ìdí igi igbá?" Ìmàdò bi í.

"Èmi ni. Ó dùn. Ẹ bá mi kí ẹni tó tẹ́ ẹ."

Inú bí Àwẹ̀ró. "Kì í ṣe oúnjẹ lo jẹ yẹn," ó wí. "Ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ mi fi bá mi sọ̀rọ̀ ni, o sì gbé e mì."

"Ta ló sọ fún mi?" Egbin dáhùn. "Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ewé oríta. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí."

"Ó jẹ́ pé ìwọ lo ti ń ṣi èrò lọ́nà láti ọjọ́ yìí wá," Ìmàdò wí.

"Èmi? N kò rí ẹni tó ṣìnà rí."

"Báwo lo ṣe máa rí wọn? Ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n wà."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Egbin létí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó hàn. Ó gbé ọrùn sókè, ó ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ. Àwẹ̀ró kò pariwo tẹ̀ lé e. Ó rọra tú ọ̀já, ó gbé Àríkẹ́ wá síwájú, ó fún un lọ́mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Máa lọ, kò burú. Ìyá mi a máa sọ ìtàn rẹ fún wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ní òun rí ọ̀wọ́ egbin kan rí létí omi, ní kùtùkùtù, nígbà tí òun ń rìn nínú ọ̀dàn yìí. Ó ní òun sọ ẹrù òun kalẹ̀ kí òun lè wò wọ́n dáadáa. Ojú tó fi wo àwọn ìyá rẹ nígbà náà ló ń kú lọ yìí. Ìwọ ní tìrẹ, kò ní rí ọ. Ó fẹ́ fi díẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ wo ọmọ mi ni."

Egbin dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rò. Kò tíì wá sí i lọ́kàn rí pé ojú máa ń kú. Gbogbo ayé rẹ̀, ó ti rò pé ojú wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀ lọ láti máa wo òun. Ojú tó sọ ẹrù kalẹ̀ nítorí egbin, òun ló ń kú lọ yìí? Ó dùn ún. Ìgbà tó wá dùn ún tán ló tó wo ọmọ tó wà láyà Àwẹ̀ró, tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju tòun lọ.

"Ṣé ojú rẹ̀ á kú kó tó rí èyí?" ó bèèrè, ó sì na imú sí Àríkẹ́.

"Bí n kò bá tètè délé."

Egbin fi pátákò ha ilẹ̀ díẹ̀. "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà," ó wí. "Ó yẹ kí n mú yín padà. Ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Bó ti sọ ọ́ tán, ó fò sókè, ó sì di iwájú. Eruku nìkan ló kù.

Ìmàdò wo eruku, ó wo Àwẹ̀ró. "Ẹni tó ní ká tẹ̀ lé òun ti lọ," ó wí. Àwẹ̀ró kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà, ó dojú kọ ibi tí eruku náà gbà, ó sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ.

Egbin ní tirẹ̀ ti dé ìdí igi igbá. Ó dúró, ó ṣe àyà gbẹ̀ǹdẹ̀, ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àparò kan tó ń họ ilẹ̀ lábẹ́ igi náà bi í pé, "Ta lò ń dúró dè?"

"Àwọn tí mò ń mú bọ̀."

"Ibo ni wọ́n wà?"

Egbin kò mọ̀. Kó tó lè mọ̀, àfi kó bojú wẹ̀yìn. Ọrùn rẹ̀ le koko, nítorí kò fi ṣe irú rẹ̀ rí. Ó fi tipátipá yí i, ó sì wo ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó rí eruku ara rẹ̀ tó ń rọ̀ sílẹ̀. Ó rí ọ̀nà tó gùn lọ jìnnà réré, kò sì sí ẹnì kankan lójú rẹ̀.

"Ṣé bí ẹ̀yìn ṣe gùn tó nìyí?" ni Egbin wí.

Ojú tì í. Ó sáré padà títí ó fi bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀. "Ẹ má bínú," ó wí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Egbin sáré díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ń bọ̀?"

"A ń bọ̀," Àwẹ̀ró dáhùn.

Ó tún sáré díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ń bọ̀?"

"A ń bọ̀."

Bí ó ti ń wò wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò rí rí. Ó rí òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn Àwẹ̀ró. Ó rí orí ọmọ tó ń mì lọ mì bọ̀ nínú ọ̀já. Ó rí ẹ̀gún tó gún Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀, ó sì dúró dè é títí ó fi yọ ọ́. Ó wò wọ́n títí ó fi gbàgbé láti wádìí bóyá wọ́n ń wo òun.

Àdìgún ńkọ́? Àdìgún ti pọnmi, ó ti dáná, ó ti gé koríko, ó jókòó, kò rí ìyàwó. Ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tó rí i pé oòrùn ti ń pọ́n, ó gbé ọrun rẹ̀, ó sì sáré padà sí oríta. Ewé rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpá eyín ẹran hàn lára ìdí ẹ̀ka tó kù nínú koríko, pátákò egbin sì wà nínú eruku. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ọkàn rẹ̀ já, inú sì bí i, ó yà sí ọ̀nà ẹfọ̀n bí ọfà.

Ó yí igbó kékeré kan ká báyìí, ló bá rí egbin láàárín ọ̀nà. Egbin dúró gbagidi, ìhà rẹ̀ kọjú sí Àdìgún, ó sì yíjú sẹ́yìn. Ọdẹ wo ló máa rí irú rẹ̀ tí kò ní ta á? Àdìgún rò ó pé ẹni tó jẹ ewé òun nìyí. Ó fa ọfà yọ, ó fi í sínú ọrun, ó fà á.

Egbin kò rí i. Ẹ̀yìn ló ń wò.

"Ṣé ẹ ń bọ̀?" ni Egbin bèèrè.

Láti ẹ̀yìn igbó lọ́hùn-ún, ohùn kan tó ti rẹ̀ dáhùn pé, "A ń bọ̀."

Ohùn Àwẹ̀ró ni. Ọwọ́ Àdìgún dẹ̀, ọfà náà já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gún ilẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró yọ, ó bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọrun lọ́wọ́, tí egbin sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ó jẹ ewé mi," Àdìgún wí.

"Ó jẹ ẹ́," Àwẹ̀ró dáhùn. "Òun náà ló sì ń mú wa bọ̀."

"N kò rí yín," Egbin wí fún Àdìgún. "Ẹ̀yìn ni mò ń wò."

"Mo mọ̀," Àdìgún wí. "Bí kì í bá ṣe pé ò ń wo ẹ̀yìn, ǹ bá ti pa ọ́, n kò sì ní mọ ẹni tí mo pa."

Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n mu omi tí Àdìgún gbé wá, wọ́n sì dá májẹ̀mú. Egbin fẹ́ búra pé òun kò ní jẹ ewé oríta mọ́ láé, ṣùgbọ́n ó dúró láàárín ọ̀rọ̀.

"Mo mọ ara mi," ó wí. "Ewé tútù nígbà ọyẹ́, n kò lè ṣèlérí. Ẹ bá mi fi nǹkan lé e lórí, kí n lè rántí."

Àdìgún rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "A ó máa fi òkúta lé e. Ewé tó ní òkúta lórí, ọ̀rọ̀ wa ni. Èyí tí kò bá ní, tìrẹ ni. Ní tèmi, ẹran egbin kò ní wọ ìkòkò ilé mi, kò ní wọ ti ọmọ mi, kò ní wọ ti ọmọ ọmọ mi. Láti òní lọ, èèwọ̀ wa ni."

Egbin kò padà lẹ́yìn wọn mọ́. Títí wọ́n fi la ọ̀dàn já ló ń ṣáájú, tó ń dúró, tó ń bèèrè, tí wọ́n sì ń dá a lóhùn. Àdìgún pàápàá kọ́gbọ́n. Bó bá ti sáré díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró ní bí òun bá ti mọ̀, òun ìbá ti bá egbin pàdé kí òun tó lọ́kọ.

Àárọ̀ ni wọ́n wọ Ìdí-Emi. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìyá arúgbó náà sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí i. Àwẹ̀ró kò wo igi emi, kò wo òpó ìta. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó sì gbé Àríkẹ́ lé e lẹ́sẹ̀, ojú ọmọ sí oòrùn.

Ìyá arúgbó gbé ọmọ náà sókè. Ó sún un mọ́ ojú ara rẹ̀ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ará ilé ti ń rọ́ jáde. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, a ti pẹ́ jù, a ti pẹ́ jù.

"Àwẹ̀ró," ni ìyá wí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́.

"Ìyá mi."

"Ta ló ní kí o gbé imú bàbá rẹ wá síwájú mi láàárọ̀ kùtù yìí?" Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. "Ó sì ní àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ ojú òsì. Àbí irọ́ ni mò ń pa?"

Irọ́ kọ́ ni. Àmì náà wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ẹkún ayọ̀ ni, Àríkẹ́ náà bá a sun tirẹ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá arúgbó wo ọmọ náà títí ó fi wò ó tẹ́rùn. Ó wo etí rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ti rí i," ó wí. "Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú fún mi nísinsìnyí, kó máa ṣú. Jókòó, kí o sọ ohun tí o rí lọ́nà fún mi."

Àwẹ̀ró jókòó, ó sì kó gbogbo ọ̀dàn náà jáde fún un: awó tí kò lè dá sọ̀rọ̀, ògòǹgò tí kò sẹ́ni tó ń lé e, Ìmàdò tó ń kúnlẹ̀ fún ikùn ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó wá dórí ìtàn Egbin, ìyá sún mọ́ ọn.

"Ibo ló wà báyìí?" ó bèèrè.

"Òun ló dúró létí oko lọ́hùn-ún yẹn, ìyá. Ara rẹ̀ pọ́n yòò nínú oòrùn. Ẹ̀yin ni ẹ kò lè rí i."

"N kò lè rí i lóòótọ́. Kí ló ń ṣe?"

"Ó ti yíjú sí ọ̀nà ọ̀dàn, ó fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ń bojú wẹ̀yìn. Àwa ló ń wò."

Ìyá arúgbó mi orí. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn," ó wí. "Egbin ti dàgbà." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè síhà tí kò rí, ó sì ké sí i pé, "A ti dé o. Gbogbo wa pé."

Egbin gbọ́, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà ni egbin kì í ti í sáré jìnnà kó má dúró, kó má bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èrò ọ̀dàn ti ń fi òkúta lé ewé oríta, tí ará ilé Àdìgún kò sì jẹ́ fi egbin sẹ́nu. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ó máa ń dúró, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀, síbẹ̀ kò jáwọ́. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

A kò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́ lóde òní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń relé láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹ sì rí egbin tó sá lójú ọ̀nà, tó dúró, tó yí ọrùn rẹ̀ padà tó ń wò yín, ẹ má rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ má sì rò pé ó fẹ́ kí ẹ yin òun. Ìbéèrè àtijọ́ yẹn náà ló ń bi yín. Ẹ wo ẹ̀yìn tiyín, bóyá gbogbo yín pé, kí ẹ sì dá a lóhùn pé, "A ń bọ̀."